"Not" Kì Í Dá Rìn

Ní Grimsby, lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí hítà rẹ̀ ń húkọ́ bí arúgbó,
Beryl fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó:
"not" kì í dá rìn.
Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá dá wà, ẹ lọ pe "do" wá,
kó fa "not" lọ́wọ́ sọdá.

Daiva ń wò ó, òórùn ẹja ṣì wà léèékánná rẹ̀.
Èmi àti ẹ̀ la jọ ń la ikùn kóòdù láti àárọ̀.
Ní Lithuania tó ti wá,
"ne" kékeré ló ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe
bí eèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò ọdẹ:
dirbu, mò ń ṣiṣẹ́;
nedirbu, n kò ṣiṣẹ́.
Ó parí. Kò sí alágbàṣe láàárín.
"Kí wá ni 'do' yìí ń ṣe gan-an?"
Beryl rẹ́rìn-ín. "Kò ṣe nǹkan kan.
Ó kàn dúró síbẹ̀ ni.
Àmọ́ bí ò bá dúró síbẹ̀, ilé á wó."

Ó tún ku "does", ọ̀jẹun:
ó já "s" gbà lẹ́nu ọ̀rọ̀-ìṣe, ó gbé e mì.
Teklay gbàgbé, ó kọ "he does not works".
Gègé pupa balẹ̀ lórí "s" kejì.
Ẹnìkan ti yó, ẹnìkejì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwo.

"Ayísódì méjì," ni Beryl wí, "ń pa ara wọn ni."
Ken tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ́,
ó fara ti ìgbálẹ̀, ó sọ ọ́ bí ìyá tó bí i ṣe ń sọ ọ́:
"I never said nowt."
Méjì gbáko. Gbogbo wa gbọ́ ọ yé.
Beryl nu pátákó bí ẹni tí etí ẹ̀ di.

Lọ́jọ́ kejì, Colin ọ̀gá wa kó ìwé iṣẹ́ dé.
"You work Sunday," ló wí fún Daiva.
Sunday kẹrin léraléra.
Ọdún mẹ́fà, "yes" nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.
Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.
Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń wá ọ̀nà, bí ẹni ń wá bàtà nínú òkùnkùn.
"I do not."

Colin ń retí ọ̀rọ̀-ìṣe.
Ọ̀rọ̀-ìṣe ò dé.
"Do" tí ò ṣe nǹkan kan ló dúró síbẹ̀,
"not" dì í lọ́wọ́ mú,
ẹja sì ń kọjá lọ lórí bẹ́líìtì, ẹnikẹ́ni ò là á.