Fèrèsé Zdislava

Òjò dídì ń rọ̀ ní Brno bí òwú tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rànwú.
Tíráàmù ìkẹyìn ti kọjá, ariwo irin rẹ̀ nìkan ló kù lójú òpópó.
Zdislava jókòó sí yàrá kékeré lókè ilé búrẹ́dì,
ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan,
ó ń kọ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́.

Ìwé ìṣirò bítíkọ́ìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò nílẹ̀kùn.
Gbogbo ayé ló lè kà á, ṣùgbọ́n ta ló rí i kà?
Lẹ́tà àti nọ́ńbà tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ,
kò sí orúkọ, kò sí ojú, kò sí ẹ-kú-alẹ́.
Ó ní: ohun tí a kò bò, tí kò sì hàn,
kí ni ká máa pè é?

Ló bá la fèrèsé.
Fèrèsé àkọ́kọ́ kò ju àpótí funfun kan lọ:
fi nọ́ńbà ìsanwó rẹ síbẹ̀, tẹ̀ ẹ́, kí o dúró.
Wà á dúró títí tíì rẹ á fi tutù,
kó tó dáhùn: iye báyìí, láti ibí, sí ọ̀hún, ní aago báyìí.
Èèyàn mọ́kànlá ló lò ó lóṣù yẹn.
Òun fúnra rẹ̀ ni mẹ́ta nínú wọn.

Ó ya àyíká roboto fún àpò owó kọ̀ọ̀kan,
ó na okùn tín-ín-rín láti ọ̀kan dé èkejì.
Lọ́dún kẹta, ìwé náà wúwo ju kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ;
ó ta kẹ̀kẹ́, ó ra òmíràn tó ń hó bí ìkòkò lábẹ́ tábìlì.
Ológbò rò pé torí òun ni wọ́n ṣe rà á.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Vlastimil kanlẹ̀kùn,
awakọ̀ tíráàmù tó ti fẹ̀yìn tì, pẹ̀lú ìwé tó ká sí mẹ́rin.
Ohùn kan lórí fóònù, ohùn tó dùn bí oyin,
ti sọ owó ọdún mọ́kànlélógún di bítíkọ́ìn, ó sọ ọ́ di àwátì.
"Kì í ṣe àwátì," ni Zdislava wí. "Ẹ wá wò ó."
Okùn pupa kan nà, ó pín sí méjì, ó pín sí mẹ́sàn-án,
ó wọ àárín okùn ẹlòmíràn,
ó yọrí níbi tí a kò fọkàn sí, bí ẹja lábẹ́ omi dídì,
ó wá dúró sínú àyíká kan tó dá wà.
Bàbá na ìka, ó fi kan dígí.
"Mo rí i. Ṣé mo lè mú un?"
Ojú tó o, ọwọ́ ò tó o.
Kò sí bọ́tìnnì tó kọ fún ìyẹn.

Láti ìgbà náà, Àìkú kì í yẹ̀.
Bàbá á wo àyíká náà
bí ẹni tó ń wo ilé tó kọ́, tí ẹlòmíràn ń gbé.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀ Jarmila pè láti Ostrava, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀:
"Ọkọ tí mo sá fún ń lo fèrèsé rẹ.
Ó mọ ọjọ́ tí mo sanwó ilé."
Iná tí a tàn wá olè
ti tàn mọ́ ẹni tó sá pamọ́.
Zdislava kò sùn. Ó gbọ́wọ́ lé bọ́tìnnì tó lè pa gbogbo rẹ̀,
ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà.
Bó bá ti tirẹ̀, ìwé ṣì wà ní ṣíṣí;
ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á máa kà á lọ.
Ó wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ lọ sí Ostrava,
ó jókòó ti Jarmila, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń pààrọ̀ àpò, bí ipasẹ̀ ṣe ń já.

Nígbà tó padà, Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà.
Àyíká náà ti ṣófo. Owó ti gbéra ní aago mẹ́ta òru.
Zdislava ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú,
Vlastimil bọ́ ẹ̀wù òtútù, ó fa àga mọ́ra,
ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé etí tábìlì bí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀:
"Ibùdókọ̀ wo ló kàn?"