Òrùlé Tó Kọjú sí Ọ̀nà Mẹ́ta

Bitrus gun àkàbà dé orí páànù,
ó na ọwọ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò:
"Bàbá, gúúsù ni. Gbogbo Kubwa níbí,
gúúsù ni wọ́n ń kọ páńẹ́ẹ̀lì sí.
Ẹ jẹ́ kí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wo ibì kan náà,
iná yín á pọ̀ ju ti gbogbo àdúgbò lọ."
Ọmọ náà mọṣẹ́. N kò bá a jiyàn.
Mo kàn ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣètò owó oṣù
níléeṣẹ́ ìjọba, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí.
Mo mọ owó tó ń wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.
A máa wọlé bí ọba, ilẹ̀ á mì,
kó tó di ọjọ́ kẹsàn-án
akọ̀wé kan á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi,
á máa họ orí:
"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ̀rún méjì péré, títí di ìparí oṣù."

Iná ọ̀sán gangan, bẹ́ẹ̀ náà ni.
Agogo méjìlá, ta ló wà nílé?
Fọlákúnlé wà nílé ẹ̀kọ́. Bátìrì ti yó, ó ti gbẹ́nu kúrò.
Oòrùn ṣì ń bù ú,
bí ìyá tó ń fi oúnjẹ sẹ́nu ọmọ tó ti sùn.

Ṣùgbọ́n agogo méje òwúrọ̀!
Mosúnmọ́lá ti rẹ ọ̀fìọ̀ láti àná,
ẹ̀rọ ìlọta ń wò ó, òun náà ń wò ó,
àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí Wuse
kò ní dúró de kunu tó ṣì wà nínú kóró.
Àti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́,
nígbà tí ògiri bá ń dá ooru ọ̀sán padà fún wa,
ìyá mi, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
á jókòó ti fáànù tí kò yí,
á ní, "Ṣé iná yín ti lọ sùn ni?"

Alángbá ló kọ́ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń wò ó.
Láàárọ̀, ara ògiri apá Bwari ló máa ń wà,
lọ́sàn-án, n kò mọ ibi tó ń wọ̀ sí,
tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti dé ẹ̀gbẹ́ kejì,
ó fàyà lé bíríkì, ó ń mi orí
sí ọ̀rọ̀ tí n kò tíì sọ.

Mo wí fún Bitrus: mẹ́ta sí ìlà-oòrùn,
mẹ́ta sí ìwọ̀-oòrùn, kí méjì máa wo gúúsù rẹ.
Ó wò mí. Ó ṣírò lórí fóònù.
"Bàbá, ẹ ó pàdánù o.
Nínú igbá mẹ́wàá, bóyá igbá kan á lọ."
Mo ní kó lọ.
Mo fi san owó ọkọ̀ mẹ́sàn-án yòókù dé ìrọ̀lẹ́.

Mallam Isiyaku gba ojú ọgbà wò wá, ó rẹ́rìn-ín:
"Òrùlé yín dà bí orí tí wọ́n yà sí ọ̀nà mẹ́ta!"
Mo gbà.
Nígbà ọyẹ́, eruku láti ọ̀nà Kano bo ojú àwọn ti àárọ̀,
Mosúnmọ́lá padà sídìí jẹnẹrétọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin,
lọ́jọ́ kẹta kò bá mi sọ̀rọ̀.
Mo gba ìyẹn náà.

Tẹ́lẹ̀, ìlà tó wà lójú fóònù a máa ga ṣóńṣó,
a sì já wálẹ̀. Ní báyìí ó tẹ́ bí ilẹ̀ Jos:
òkè ni, ṣùgbọ́n ènìyàn lè kọ́lé sí i.

Agogo mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Oòrùn ń bọ́ sẹ́yìn àpáta,
àwọn mẹ́ta tó kọjú sí i ṣì ń fa èyí tó kù,
díẹ̀díẹ̀, bí bàbá àgbà tó ń tú àpò
wá náírà fún ọmọ ọmọ.
Fáànù ìyá mi ń yí, kò yára.
Ìyá ti sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.