Èéfín Ọkọ̀

Ní erékùṣù Chiloé, níbi tí òjò kì í ti í béèrè àyè kó tó wọlé,
Herminda Coñuecar ní ọkọ̀ ojú omi kan
tí kò tíì ní ju egungun lọ.
Ọdún méje ni egungun náà ti wà lẹ́yìn ilé,
ó dojú kọ òkun bí ajá tí a so mọ́lẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́.
Bàbá rẹ̀ kan ọkọ̀ mọ́kànlélógún kó tó kú,
òun ló ń bá a di pákó mú láti kékeré;
àtẹ́lẹwọ́ lásán ló fi ń mọ
èyí tí yóò tẹ̀ àti èyí tí yóò dá.
Àwọn apẹja á ní, "Herminda, ìgbà wo ni?"
A ní, "Ó ku pákó mẹ́rin."
Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ku mẹ́fà.
Ìṣirò wo nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òru mọ̀.
Lójú ọ̀sán, á rẹ́ pákó sípírẹ́sì, á fá a
títí á fi dán bí awọ ọmọ tuntun.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, òtútù á dé,
ohùn kékeré kan á bá òtútù wọlé:
"Eléyìí wọ́ díẹ̀. Bàbá rẹ kò ní lò ó.
Ọjọ́ tí o bá tì í sómi, gbogbo èbúté ni yóò wà níbẹ̀.
Bó bá rì ńkọ́?"
Á gbé pákó náà, á fi dáná.
Á jókòó, á máa yá iná iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀,
ara á tù ú,
irú ìtura tó máa ń korò bí ilẹ̀ bá mọ́.

Kì í ṣe òkun ló ń bà á lẹ́rù, ẹ má ṣì mí gbọ́.
Ọkọ̀ tí a kò tíì kàn kò lè rì:
ibẹ̀ ni ẹ̀rù kọ́lé sí.

Rosamel Barría, arúgbó ìsàlẹ̀ òkè,
ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, imú rẹ̀ kò darúgbó.
Ní oṣù keje, tí òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun,
ó kan ilẹ̀kùn, ó ti wílíbárò tó kún fún igi ìdáná.
"Èéfín ilé rẹ," ó ní, "ń rùn bí ọkọ̀."
Kò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó da igi sílẹ̀, ó lọ.

Ọdún méje tó fi rò pé òun nìkan ló mọ̀!
Gbogbo àdúgbò ti ń gbóòórùn ọkọ̀ náà lójú fèrèsé,
wọ́n mọ iye pákó,
kò sì sí ẹni tó fi í rẹ́rìn-ín.
Àgbà ní èéfín nìwà, rírú ní í rú;
wọn kò sọ fún wa pé ìbẹ̀rù náà ń rú.

Ohùn kékeré náà kò kú o.
Ó tún wá lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Eléyìí wọ́ díẹ̀."
Herminda ní, "Mo rí i."
Ó sì kàn án mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Oṣù kọkànlá, wọ́n tì í sómi.
Omi wọlé. Ẹ gbọ́ mi? Omi gba ojú àlàfo pákó wọlé,
ọkọ̀ tẹ̀ sí òsì,
ojú gbogbo èbúté wà lára rẹ̀, bí ohùn náà ṣe sọ gẹ́lẹ́.
Ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń gbọ́n omi,
kò wo ẹnikẹ́ni.
Rosamel ké láti etíkun: "Fi í sílẹ̀ kó mu omi yó!"
Nítorí pákó gbígbẹ kò mọ bí a ti ń dì mọ́ra;
omi tó ń wọlé náà ní í mú un wú,
bó bá wú tán, á fúnra rẹ̀ pa ẹnu dé.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nínú ohun tó lè pa á.
Ní ọjọ́ kẹrin, inú rẹ̀ gbẹ.

Ó ṣì wọ́ díẹ̀ lápá òsì.

Èmi tí mo ń kọ èyí, mo ní àpótí ìwé kan lábẹ́ ibùsùn,
ó ń fúyẹ́ sí i lọ́dọọdún.
Láàárọ̀ yìí, aládùúgbò mi yọjú lójú fèrèsé,
ó ní kí ni mo máa ń sun lálẹ́.