Ojúlé Kọfí Ìpínláyé

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ojúlé bàbá mi lórí ayélujára,
mo wọ̀ ọ́ láṣọ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé:
òdòdó ń já bọ́ láti òkè fóònù,
fèrè ń dún kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè orin,
òyìnbó méjì tí n kò mọ̀ rí
ń mu kọfí tí kì í ṣe tiwa,
wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí afẹ́fẹ́.
"Ẹ káàbọ̀ síbi tí àlá ti ń di òtítọ́,"
ni mo kọ síwájú, gàdàgbà.

Bàbá gba fóònù, ó nà án jìnnà sójú
bí ẹni fẹ́ ka ìwé ìpè ilé ẹjọ́.
Nǹkan róbótó kan ń yí.
A jókòó ti ẹní tí kọfí ti ń gbẹ,
ewúrẹ́ Ìyá Ọbáwálé kọjá lẹ́ẹ̀mejì,
nǹkan róbótó ọ̀hún ṣì ń yí.
Ó ní, "Ọlọ́runtọ́ba, kí ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀?"

Ògìdì la wà. Orí àpáta la ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì,
ìyẹn náà, bí àpáta bá fẹ́.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, oníbàárà kan ò yọjú.
Ìgbà tí Ládì pè láti Jos,
ìbínú rẹ̀ ló ṣáájú orúkọ rẹ̀:
"Àná ni mo ti ń wá nọ́ńbà yín!
Dátà mi tán sórí òdòdó.
Ṣé kọfí lẹ̀ ń tà ni àbí òdòdó?
Èló ni kílò kan?
Yíyan ni àbí tútù?
Ṣé yóò dé Jos?"
Ìbéèrè mẹ́rin.
Ojúlé mi tó rẹwà kò lè dáhùn ọ̀kan.

Mo sọ fún bàbá. Kò bá mi wí.
Ó ń ṣa òkúta kúrò nínú kọfí, ó ní,
"Bí àlejò bá wọlé wa,
ṣé àwòrán ara ògiri la fi ń kí i?
Okun la ń wí.
A ó na ìjókòó sí i, a ó bu omi.
Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ
kò wá gbọ́ ìtàn ẹni tó mọ ìkòkò."

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gun àpáta
tèmi ti kọ̀ǹpútà àti iṣu sísun kan.
Mo já òdòdó dànù.
Mo pa fèrè lẹ́nu mọ́.
Mo ní kí òyìnbó méjèèjì máa lọ ilé wọn.
Mo kọ ọ́: "Okun o. Kọfí la ń tà, láti Ògìdì."
Mo kọ iye owó, n kò fi nǹkan kan bò ó.
Ọwọ́ bàbá ni mo yà síwájú,
ọwọ́ gangan, pẹ̀lú èékánná tó sán,
èso pupa kún àtẹ́lẹwọ́.
Nọ́ńbà wà lókè, ó tún wà nísàlẹ̀,
kí àtàǹpàkò àgbẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ láìṣìnà.
Ó wá fúyẹ́ bí èèpo kọfí lójú atẹ́gùn.
Fóònù Ìyá Ọbáwálé tó ti sán lójú
ṣí i kí ìyá tó sọ pé kò ní ṣí.

Mo rò pé mo ti ṣe tán.
Bàbá ní, "Ta ni yóò dá wọn lóhùn?
Ilé tó ṣílẹ̀kùn tí kò séèyàn nínú rẹ̀,
olè ni yóò kọ́kọ́ kí i."
Ni mo fi ń dáhùn láàárọ̀,
tí òun ń dáhùn nírọ̀lẹ́,
tó ń pariwo kí Jos lè gbọ́.

Ládì ra àpò méjì. Ó ní òun ò rí òdòdó mọ́.
Nígbà tí kọfí tán, a kò purọ́:
"Ó tán. Ẹ padà wá ní oṣù Bélú."

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí oòrùn bá ti rọ̀,
mo máa ń rí bàbá tó ń fọ̀pá gun àpáta, òun nìkan.
Kò mọ ìwé kà tó bẹ́ẹ̀.
Ó kàn fẹ́ rí i
bóyá ilẹ̀kùn òun ṣí.