Iye Wa ní Ìsánlú

Médùbí wọlé, ó kí mi ní "Ọ̀kun o," ó jókòó.
"Ẹni mélòó ló ń lo Ubuntu? Mélòó ni ti Debian?
Sọ iye kan, kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo ń fẹ́ eruku kúrò nínú kọ̀ǹpútà olùkọ́ kan.
Mint ló wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀,
kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀, àfi eruku.

Fíláàṣì kan ṣoṣo ni mo gbà bọ̀ láti Kàbbà
lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù yìí.
Níbi tí wọ́n ti ń kà, ẹyọ kan ni.
Níhìn-ín, ó ti wọ kọ̀ǹpútà mọ́kàndínlógún,
títí kan ti oníṣìmẹ́ǹtì tó rò pé Windows lòun ń lò.

Àbúrò mi Ìbíkúnlé ńkọ́?
Ó gbé Fedora wọlé lọ́jọ́ Ajé, ó pa á rẹ́,
Debian lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
Arch lọ́jọ́rú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.
Ẹni mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú ìwé;
abọ́ kan ni mo rí tó gbé jẹun alẹ́.

Ẹni tó ní òun ń ka ẹtù inú igbó,
ìyẹ́ ló ń ṣà.

Bírò Médùbí ṣì wà lókè.
"A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ," ni mo wí. Kò gbà.
Ó dáa, kọ mọ́kàndínlógún.

Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n múná lọ.
Gbogbo wa kú pii,
àfi ti olùkọ́, tí bátìrì rẹ̀ ṣì ku díẹ̀.

Ẹnì kan.