Ihò Keje

Eleuterio, awò rẹ kò gbọ́ tèmi lálẹ́ yìí.
Mo gbé e jáde sẹ́yìn ọgbà ewúrẹ́,
síbi tí o da sìmẹ́ńtì sí fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
mo so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́.
Iná pupa tàn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn bí ológbò tó yó.
Ó yè. Kọ̀ǹpútà náà yè.
Wọn ò kàn bára wọn sọ̀rọ̀ ni,
bí èmi àti Zunilda àbúrò rẹ láti ọjọ́ ìsìnkú.

“Kò sí ìdáhùn,” ni kọ̀ǹpútà wí.
Mo tún un tẹ̀. “Kò sí ìdáhùn.”

Òtútù àfonífojì Hurtado ń jẹ mí níka.
Mo fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì bí o ti máa ń ṣe,
mo ṣí ìwé rẹ tó ń rùn bíi wàràkàṣì.
Ìkọ̀wé rẹ tẹ̀ sápá òsì, igi tí ẹ̀fúùfù ti ń lù láti kékeré:
Wáyà dúdú, kì í ṣe eléérú.
Ihò kẹta.
Ìyára: ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lé ẹgbẹ̀ta.
Má kánjú.

Wáyà dúdú ni mo lò. Ihò kẹta ni mo yàn.
Ìyára ọ̀hún, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, òdo méjì ló wà nídìí rẹ̀.
Èmi, kánjú?
Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi ń wo ìbòrí rẹ̀
kí n tó ṣí i.

Mo yọ wáyà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu,
mo fi etí yẹ̀rì nu irin rẹ̀ tó ti ń dípẹtà.
Mo pa gbogbo ẹ̀, mo tún un tàn.
Mo gbàdúrà sí Wúńdíá ti Andacollo,
mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí Wúńdíá ò gbọdọ̀ gbọ́.
Kò sí ìdáhùn.

Nahuel, ọmọ Rosamel, gba ọ̀nà odò bọ̀,
ó ń wá ọmọ ewúrẹ́ tó sọnù.
Kò wo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wò.
“Ìyá, níbo ni wáyà yìí wà tẹ́lẹ̀?”
Mo ní apá òsì, àmọ́ ihò ibẹ̀ ti fẹ̀,
wáyà ń mì nínú rẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún méje,
ni mo bá kì í bọ apá ọ̀tún.
Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.
“Ó ti kó kúrò ní kẹta nìyẹn.
Ihò kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Keje ló wà báyìí.
Láti ìrọ̀lẹ́ lẹ ti ń kanlẹ̀kùn ilé òfìfo.”

A yan keje.
Awò náà ta gìrì. Ó yí ọrùn, ó ń yí i lọ,
ó dorí kodò, ó kọjú sí àgbá omi àwọn ewúrẹ́
bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jábọ́.
Nahuel ní apá àríwá ayé ló rò pé òun wà;
pípa tí mo pa á ló mú un gbàgbé ilé.
A kọ gúúsù fún un, a kọ ọgbọ̀n ìwọ̀n àti díẹ̀.
Ìgbà yẹn ló tó gbórí sókè, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
àgbàlagbà tó ń dìde lórí àpótí,
ó sì dúró síbi tí ojú lásán ti ń rí àbàwọ́n kékeré kan.

Mo wò ó.
Ìràwọ̀ ni, wọ́n ṣù pọ̀ láàárín, wọ́n fọ́nká létí,
bí wàrà ṣe ń ṣe nínú ìkòkò mi nígbà tó bá fẹ́ dì.
Èyí lo ń jókòó tì di aago mẹ́ta òru
tí mo ń bínú sí ìrọ̀rí rẹ.
O ò sọ fún mi pé ó jọ iṣẹ́ ọwọ́ mi.
Tàbí o sọ ọ́, mo ti sùn.

Nahuel wò ó, ó ní, “Ó dáa,”
ó wá ọmọ ewúrẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo mú bírò. Yíǹkì ti dì, mo fi í sẹ́nu kó móoru.
Mi ò pa kẹta rẹ rẹ́.
Abẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí, lẹ́tà tèmi tó dúró ṣánṣán:
Ihò keje, láti oṣù Kẹjọ.
Apá òsì ti fẹ̀.