Arúgbó Onítìjú

Ìwé kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya.
Lójú ewé àkọ́kọ́: Nélida Bidegain, akọ̀wé ìtọ́jú bàálù.
Mẹ́sàn-án ni mo kọ sínú rẹ̀
bí abiyamọ ṣe ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́tàlélógún
ni mo fi jókòó sí yàrá onífèrèsé kan ní Carrasco,
tí mò ń ka iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan fi ké.

Ìyẹ́ Odò Fàdákà lorúkọ iléeṣẹ́ wa.
Dakota méjì la fi bẹ̀rẹ̀,
àlòkù ogun, àpá ọta ìbọn ṣì wà létí ìlẹ̀kùn ọ̀kan.
Irun àgùntàn lẹ́yìn, ìyàwó tuntun níwájú,
ó di Buenos Aires.
Odò náà kò gùn lókè:
ẹni tó bá tòògbé níhìn-ín, lọ́hùn-ún ni yóò jí.

Viscount mẹ́ta tẹ̀ lé wọn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
fèrèsé wọn rí bí ẹyin.
Ọ̀kan nínú wọn a máa gbọ̀n bó bá fẹ́ gbéra.
Wilmar Etchart, mẹkáníìkì wa, sọ ọ́ ní Arúgbó Onítìjú,
ó ní ojú ló ń tì í láti fò lójú ènìyàn.

Lẹ́yìn náà la ra 707 kan, àwa ni olówó rẹ̀ kẹta.
A kun orúkọ àtijọ́ pa, a ya oòrùn sí ìrù rẹ̀;
bí òjò bá rọ̀ púpọ̀, orúkọ ọ̀hún a tún yọjú.
Madrid là ń lọ!
Ìyá mi, tí kò kọjá etí odò rí, fọwọ́ kan ikùn rẹ̀,
ó ní, "Ó gbóná bí ẹṣin tó sáré dé."

Àwọn 737 mẹ́ta, a yá wọn ni.
Epo gbówó lórí. Gbèsè bá wa wọkọ̀,
bí a ti ń fò ló ń fò, kò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì.
Owó oṣù di ìlérí,
ìlérí di lẹ́tà,
lẹ́tà di ìwé ilé ẹjọ́ lára ìlẹ̀kùn.

Èrò mọ́kànlá ló bọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, láti Asunción.
Ọmọdékùnrin kan béèrè pé, ṣé ẹ ó tún padà lọ lọ́la?
Awakọ̀ náà ṣí fìlà, ó fi dé ọmọ náà lórí.
Oníǹkan wá gba ǹkan rẹ̀.
707 ni wọ́n fi ayùn gé níbi tó dúró sí;
Wilmar kọjú sí ògiri títí ariwo fi tán.

Arúgbó Onítìjú nìkan ló kù,
lẹ́yìn ilé epo kan lọ́nà Durazno,
adìẹ ń yé sórí ìjókòó kejìlá.
A máa ń gbé omi gbígbóná àti ewé mate lọ bá a lọ́jọ́ Àìkú.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, afẹ́fẹ́ gúúsù dé, apá rẹ̀ gbọ̀n.
Wilmar wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tẹ̀ sún mọ́ ọn:
"Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́," ni ó wí. "Gbéra."